Ẹ Kọ́kọ́ Jẹun Ná

Ṣògo ń lọ aṣọ. Adéjùmọ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó dorí kodò lé aṣọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, tó ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ọkùnrin yìí kò lọ aṣọ fún un rí. Tirẹ̀ gan-an, bó bá ṣe rún náà ló ṣe máa ń wọ̀ ọ́ jáde, á ní bó bá yá, ara òun ni yóò lọ̀ ọ́. Tíì wà lórí tábìlì, ó ti fi àwo kékeré dé e kó má baà tutù. Búrẹ́dì wà níbẹ̀. Ẹyin díndín náà wà níbẹ̀.

"Jókòó, kí o jẹun," ni Ṣògo wí. Kò gbé ojú sókè.

Àyà Adéjùmọ̀kẹ́ já. Ó bi í pé kí ló dé tí kò tíì lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní apá Belvedere ni Ṣògo ti ń wakọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì máa ń jáde nílé wọn ní Plumstead. Ó ní òun gba ìsinmi lónìí. Ó ní ó kàn rẹ òun ni. Ọkùnrin tí ibà kò dá dúró sílé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Ìlú Ọba, òun ló wá rẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè lásán, tí àárẹ̀ náà sì ní kó máa lọ aṣọ obìnrin.

Ó mú fóònù rẹ̀. Lórí Wáásàpù àwọn ẹbí, àbúrò bàbá rẹ̀ kan wà ní Ṣágámù tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó fi àdúrà ránṣẹ́, àdúrà gígùn tó ní àwòrán òdòdó lórí, tí kò sí ẹni tó ń kà á dé ìsàlẹ̀. Àìmọye ìgbà ni Adéjùmọ̀kẹ́ ti pòṣé sí àdúrà yẹn. Lónìí, kò sí àdúrà. Kò sí òdòdó. Kò sí ẹni tó kí ẹnikẹ́ni káàárọ̀.

Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìpẹ́rù. Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Ó pe Olúwanífẹ́mi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá ìyá wọn gbé. Ìyẹn gbé e, ohùn rẹ̀ gbẹ. Ó ní Màámi ń sùn. Ó ní ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá lánàá, àwọn gbé wọn dé ọsibítù, ṣùgbọ́n dókítà ti rí sí i, kí ẹ̀gbọ́n òun má dààmú rárá. Ó wá bi í ní ohun tí kò bi í rí láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé.

"Sister mi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?"

Ta ni kò mọ bí a ṣe ń ṣe é láàárín wa? A kì í fi fóònù tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. A ó kọ́kọ́ ní ara ìyá kò yá. A ó ní wọ́n ti gbé e dé ọsibítù. A ó wá béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ, kó má lọ jẹ́ pé òun nìkan ni yóò ṣubú lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá àwọn àgbà ìjọ tó wà nítòsí, wọn yóò kóra jọ lọ bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò rí i dájú pé ó jẹun yó, wọn yóò gbàdúrà yí i ká, kí ẹni tó dàgbà jù nínú wọn tó wúkọ́ kó sì bẹ̀rẹ̀. Adéjùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti bá wọn lọ rí. Nígbà tí bàbá Ṣemílọ́rẹ, ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kú ní Ìbàdàn, òun ló gbé oúnjẹ síwájú ọmọ náà, tó jókòó tì í tó ń yin ọbẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, ó sọ fún Ṣògo pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe òun báyìí láé. Bó bá di tòun, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kí òun wà. Ṣògo ṣèlérí. Ó tún búra sí i.

Ọkùnrin tó búra náà ló ń fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ yìí, tó ń ká a bí ẹni pé wáyà náà ṣẹ̀ ẹ́.

Ó lè bi í. Ṣògo kò mọ irọ́ pa; bí ó bá wò ó lójú kó sì béèrè, yóò jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ọ́, ìyá òun ń sùn ní Ìpẹ́rù bí Olúwanífẹ́mi ṣe wí. Ó jẹ ẹyin náà díẹ̀, kò mọ adùn rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó ṣì gbóná, ó ní ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó sétí fèrèsé, ó ń wo àwọn ilé Plumstead tó fara ti ara wọn, àti àwọn ṣọ́ọ̀bù oníṣu àti onígààrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Ó bínú sí Ṣògo, ó bínú sí àbúrò rẹ̀, ó bínú sí gbogbo àwọn tó ti mọ̀ láti òru tí wọ́n wá ń fi òun ṣe ọmọdé. Èyí tó tẹ̀lé ìbínú ló burú jù. Kò ní lè lọ sìnkú. Àkókò ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti tán, wọ́n ti kọ̀wé pé kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun, ìjọba kò sì tíì fèsì. Bó bá fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí nísinsìnyí, ó parí nìyẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti Ṣògo pa pọ̀. Ó ti rí àwọn tó sin ìyá wọn lórí fóònù. Ẹnì kan nílé yóò na fóònù sókè láàárín èrò, àwòrán yóò dúró, ohùn yóò máa já, nígbà tí àwòrán yóò sì fi tún rìn, wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí tirẹ̀ náà ṣe máa rí nìyẹn. Ọdọọdún ló ń ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésì. Ọdọọdún ni ìyá ń fọ kọ́tìnnì yàrá rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sunkún. Ẹkún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sun ún, ó ti gbà nìyẹn.

Auntie Felicia pè é kí bọ́ọ̀sì tó dé Thamesmead. Ìyá ìjọ ni Auntie Felicia, Erith ló ń gbé, kì í sì í yà sílé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ sọ tẹ́lẹ̀, kó tún rán an létí, kó sì má pẹ́ dé. Lónìí, ohùn rẹ̀ rọ̀ jù.

"Jùmọ̀kẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Auntie. Ẹ ṣé, mà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Aago mélòó lo máa close? Mo fẹ́ yà kí yín ní evening. Mo se rice díẹ̀."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, Adéjùmọ̀kẹ́ gbọ́ tí ọkùnrin kan wúkọ́. Ó mọ ikọ́ náà dáadáa. Daddy Oyèdìran ni, ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ wọn, ẹni tí wọ́n máa ń mú dání láti sọ ọ́. Ó ní òun yóò close bí òun ṣe máa ń close, ó kí Auntie pé ó dìgbà, ó sì fi fóònù sínú àpò.

Ó ṣe iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀, láti ilé arúgbó kan dé ilé òmíràn. Ó wẹ bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó yí ìyá mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fún un ní oògùn rẹ̀. Ó kí wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan kò sí nínú aṣọ búlúù náà. Iṣẹ́ tó ṣe rí ní báńkì l'Ékòó kò kọ́ ọ ní irú èyí. Ibí ló ti kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é tí ọkàn kò sí níbẹ̀.

Ó ku ẹnì kan. Doreen ni gbogbo àwọn olùtọ́jú ń pè é, bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa pè é nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu Adéjùmọ̀kẹ́ kò gbà á láti pe ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún lórúkọ gbọnrangandan. Mummy ló ń pè é. Wọ́n ti bá a wí ní ọ́fíìsì nítorí rẹ̀. Ìyá náà ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní òun kò bímọ, ẹnikẹ́ni kò sì pe òun bẹ́ẹ̀ rí. Òkè ló ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé kọ̀ǹkéré gíga tó kọjú sí adágún Southmere. Ọjọ́ ogbó ti gba iyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí ọkọ tó fẹ́. Kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló rántí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Arsenal ní Woolwich lásìkò ogun Hítílà, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọta ìbọn, tí òun ọmọdé sì máa ń jókòó sójú fèrèsé títí yóò fi wálé. Ilé àwọn olówó ni Arsenal ti dà báyìí. Ìyá náà ṣì ń jókòó sójú fèrèsé.

Ojoojúmọ́ ló máa ń béèrè bóyá màmá òun ti dé. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni gbogbo olùtọ́jú tó ń lọ síbẹ̀ ń fún un. Ọ́fíìsì ló kọ́ wọn, wọ́n ní ẹni tó bá sọ òótọ́ fún un ń pa màmá rẹ̀ lójú rẹ̀ ní ọ̀tun ni. Ó ń bọ̀, ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná.

Adéjùmọ̀kẹ́ ti sọ ọ́ títí kò gbọ́ ọ mọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Lónìí, ó kúnlẹ̀ síwájú àga, ó ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, nígbà tí ìbéèrè náà dé.

"Ṣé màmá mi ti dé?"

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó fojú inú rí àwọn tó ń bọ̀ wá bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń se ìrẹsì, tí wọ́n ń pín ẹni tí yóò gbàdúrà àti ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Ìbínú àárọ̀ gùn ún padà. Ó ní ó kéré tán, ẹnì kan ní ìlú yìí yóò gbọ́ òótọ́ lónìí.

"Màmá yín ti kú, Mummy," ló wí. "Ó ti pẹ́ gan-an."

Ìyá àgbà wò ó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá nǹkan kan kiri lórí itan rẹ̀ tí kò rí i. Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ó béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Ó wá sunkún. Kì í ṣe ẹkún àgbàlagbà. Bí ọmọ tí wọ́n já jù sílẹ̀ lọ́jà ló ṣe sun ún, pẹ̀lú ẹnu tó la sílẹ̀ àti imú tó ń ṣàn, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ tí àwọn ọmọ oyìnbó ìgbà yẹn máa ń pe ìyá wọn. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni obìnrin náà ti wà nínú ilẹ̀, ó sì tún kú lójú fèrèsé yìí lọ́sàn-án gangan, ọwọ́ Adéjùmọ̀kẹ́ ló sì kú sí. Ìtìjú bò ó. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá láìmọ̀ pé Yorùbá ni. Ẹ má bínú, Mummy. Ẹ má bínú, mà. Ibẹ̀ ni ẹkún tirẹ̀ ti rí àyè. Ó gbé orí lé orúnkún ìyá àgbà náà, ó sì sun gbogbo ohun tó ti gbé láti àárọ̀, láti ọdún dé ọdún, kọ́tìnnì tí wọ́n fọ̀ sílẹ̀, Kérésì tí kò lọ ṣe, sàréè tí yóò wò nínú fóònù.

Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ọwọ́ kan ló mọ̀ lórí rẹ̀, tó ń pa irun rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ojú ìyá àgbà ti gbẹ. Ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá a níbẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún, ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan, Mummy."

"Ṣé màmá mi ti dé?"

Adéjùmọ̀kẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀. "Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà," ló wí. "Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná."

Ó yan búrẹ́dì, ó gé etí rẹ̀ dànù, ó fi bọ́tà àti jáàmù ọsàn ra á bí ìyá náà ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tó gbé e dé, ìyá àgbà mú ọ̀kan, ó sì na ọ̀kan sí i. Wọn kò gbọdọ̀ bá àwọn tí wọ́n ń tọ́jú jẹun, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọjú sí fèrèsé. Oòrùn tó ti sá pamọ́ láti àárọ̀ yọ díẹ̀, ó tàn sórí omi. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ sí èbúté, ọmọ kan ń ju nǹkan sí wọn, ìyá rẹ̀ sì ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn kó má baà já sómi. Búrẹ́dì náà dùn. Ó yà á lẹ́nu pé ó dùn. Láti àárọ̀, òun ni ohun àkọ́kọ́ tó mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu.

Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tó ti ń wá láti àárọ̀. Ó ti ń fọ́ orí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ kẹ́yìn fún un, ó rò pé yóò jẹ́ àdúrà, tàbí ìmọ̀ràn kan tí èèyàn lè dì mú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbé fóònù sílẹ̀ sórí ẹní, ó ní kí Adéjùmọ̀kẹ́ má tíì lọ, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń bọ́ sínú abọ́. Ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí, bó ṣe ń lé adìẹ kan kúrò nídìí ẹ̀wà, tó tún ń padà jókòó pẹ̀lú ìkérora orúnkún tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ náà, Adéjùmọ̀kẹ́ rò pé àwọn kàn ń fi dátà ṣòfò ni. Nísinsìnyí, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́ gidigidi, pé òun kò pa fóònù.

Ìyá àgbà ń jẹun, ó ń wo ọ̀nà. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ara Adéjùmọ̀kẹ́ náà balẹ̀, kò sì mọ bó ṣe jẹ́. Níwọ̀nba ìgbà tí wọ́n fi jẹ búrẹ́dì yẹn tán, kò sí ìyá ẹnikẹ́ni tó kú nínú yàrá náà. Ọ̀kan ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọ̀kan ń sùn ní Ìpẹ́rù.

Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tán. Ó fọ àwo, ó fi ṣọ́ọ̀lù bo èjìká ìyá náà, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Kò sọ̀ ní Plumstead. Ó rí ibùdókọ̀ tó yẹ kó sọ̀, ó rí òpópónà ilé rẹ̀, ó sì jókòó bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀, títí bọ́ọ̀sì fi gbé e dé Woolwich. Ó jókòó ní gbàgede tó wà níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, láàárín àwọn tó ń jáde láti ibi iṣẹ́. Ibi tí èèyàn lè jókòó sí ní ìlú yìí pọ̀. Ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é ló ṣọ̀wọ́n. Àlàáfíà tó rí lójú fèrèsé ti fò lọ, ó sì ti fi í sílẹ̀ nínú òfo ju ti tẹ́lẹ̀. Ó rò ó pé òun lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó lè lọ títí dé ibi tí ojú irin parí sí, kó tún wọ òmíràn, ìyá rẹ̀ yóò sì máa sùn. Ṣògo ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ọjọ́rọ̀. Ibo lo dé? Ṣé bọ́ọ̀sì ló dá ọ dúró? Jọ̀ọ́, gbé fóònù rẹ. Èyí tó kẹ́yìn kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde. Ó mọ ẹ̀rù Ṣògo, kì í sọ ọ́ jáde. Ó mọ̀ pé òun lè bínú sí i tó bó ṣe yẹ, àmọ́ òun kò lè fi í sílẹ̀ lórí ìdúró bẹ́ẹ̀.

Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Auntie Felicia ló ṣílẹ̀kùn, ó gbá a mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Daddy Oyèdìran jókòó nínú àga tí Ṣògo máa ń jókòó sí, ó ti wọ agbádá. Ṣemílọ́rẹ náà wà níbẹ̀, ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn, kò lè wò ó lójú. Ṣògo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Adéjùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Wọ́n bi í nípa iṣẹ́, wọ́n bi í nípa ọ̀nà, wọ́n ní òtútù ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ni Auntie Felicia ní kó kọ́kọ́ jẹun.

Ṣemílọ́rẹ ló gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń sọ pé Auntie mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè, pé ata rẹ̀ kò pọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń wárìrì lórí gbogbo rẹ̀. Adéjùmọ̀kẹ́ lè ti àwo náà sẹ́yìn. Ó lè ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá sọ kí wọ́n máa lọ. Ó ti pèsè ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti àárọ̀. Ó wá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn tó ti iṣẹ́ dé tààrà, tí ọ̀kan ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé kò sí èyí tó mọ ìyá òun rí nínú wọn. Wọ́n ń wo síbí rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó rántí ojú ìyá àgbà kan lọ́sàn-án, bó ṣe rí ṣáájú, bó ṣe rí lẹ́yìn náà. Ó jẹ gbogbo ìrẹsì náà tán. Ó rọra jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Auntie. Ó mu omi.

Daddy Oyèdìran wúkọ́.

Àdúrà rẹ̀ gùn, ọ̀nà jíjìn ló sì gbà wọlé. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí, nípa ìyá rere, nípa ẹni tó bímọ tí ọmọ rẹ̀ yanjú. Nígbà tó dé ibi tó ń lọ, kò fi ohunkóhun bò ó.

"Màmá ti lọ sinmi, ọmọ mi. Ojú oorun ni wọ́n ti lọ."

Ó ti mọ̀ láti àárọ̀. Ó ti sunkún rẹ̀. Ó rò pé kò tún ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tó lè ba òun nínú jẹ́. Irọ́ ni. Ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí wọ́n sọ fún un kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn kan tó ń ké, kò kọ́kọ́ mọ̀ pé tòun ni, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti dì í mú kó tó délẹ̀. Wọ́n kọrin. Wọ́n tún gbàdúrà. Olúwanífẹ́mi pè, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn ń gbọ́ ẹkún ara wọn ni.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, Ṣògo wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun yẹ àdéhùn, òun mọ̀. Olúwanífẹ́mi ti pe òun kí ilẹ̀ tó mọ́, òun sì ti dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti jí i, òun ti na ọwọ́. Ó ní bó bá fẹ́ bínú títí ayé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

"O ń sùn," ló wí. "Mo wò ọ́. Mo ní tí mo bá jí ọ, ó parí. Mo kàn fẹ́ kó o lo òní yìí bí ẹni tó ṣì ní ìyá."

Adéjùmọ̀kẹ́ wò ó. Kò sí ẹni tó kọ́ ọkùnrin yìí ní irọ́, kò sì mọ̀ ọ́n pa. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun ti mọ̀ kí òun tó jáde nílé láàárọ̀, pé òun gbé e wọ bọ́ọ̀sì, òun gbé e kiri ilé onílé, pé àánú rẹ̀ kò gba òun lọ́wọ́ ohunkóhun. Ó la ẹnu.

"Mo lò ó bẹ́ẹ̀," ló wí.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán ló rí i pé òun kò parọ́.